Ọlọ́run Adákẹ́dájọ́ Nínú Ìwàásù Àwọn Ìjọ Maiduguri

Ẹ̀kọ́ pé Ọlọ́run ń rí ohun gbogbo, àti pé òdodo ni yóò fi ṣe ìdájọ́ ọmọ aráyé, wà lára àwọn ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ jù lọ nínú ìwàásù Kristẹni. Ohun méjì ló so pọ̀ nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí ohun tó pamọ́ fún Ọlọ́run: ó rí ohun tí ọwọ́ ṣe, ó gbọ́ ohun tí ẹnu sọ, ó sì mọ èyí tí ọkàn rò tí kò tíì dé ẹnu. Èkejì ni pé Adájọ́ tó mọ gbogbo èyí kì í gba rìbá, kì í wojú ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣi ẹjọ́ dá. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, ẹ̀kọ́ náà wó. Adájọ́ olódodo tí kò mọ gbogbo ọ̀rọ̀ lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Èyí tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò sì lódodo yóò máa fi ohun tó mọ̀ ni àwọn ènìyàn lára.

Ní Maiduguri, olú ìlú ìpínlẹ̀ Borno, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó gbọ́ ìwàásù níbẹ̀ ló ti pàdánù ọkọ, ọmọ, ilé tàbí oko, tí kò sì sí ilé ẹjọ́ kankan tó tíì pe ẹni tó ṣe é. Oníwàásù tó bá fẹ́ sọ níwájú irú àwọn bẹ́ẹ̀ pé Ọlọ́run rí i, yóò sì dájọ́, gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ìwàásù tó yè kooro lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń kọjú síbi méjì: ó ń tu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nínú, ó sì ń rán ẹni náà létí pé ojú kan náà tó rí ọ̀tá rẹ̀ ló ń wo òun fúnra rẹ̀. Ìwàásù tó bá di apá kan mú, tó jọ̀wọ́ èkejì, ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun tí Bíbélì fi kọ́ni

Ìtàn Hágárì, tó wà ní Gẹ́nẹ́sísì orí 16, ni ọ̀pọ̀ oníwàásù fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹrúbìnrin ni Hágárì, ó lóyún, ìyà tí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin fi ń jẹ ẹ́ sì lé e sá wọ aginjù. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan níbẹ̀. Létí orísun omi kan ni áńgẹ́lì ti bá a, tó pè é lórúkọ, tó sì bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Hágárì wá sọ Ọlọ́run ní Ọlọ́run tó rí òun. Ẹni tó kọ́kọ́ pe Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì kì í ṣe ọba tàbí wòlíì; ìránṣẹ́bìnrin tó sá kúrò nílé ni. Ní orí 18 ìwé kan náà, Ábúráhámù dúró bẹ̀bẹ̀ fún Sódómù, ó ń dín iye olódodo kù láti àádọ́ta títí ó fi dé mẹ́wàá. Ohun tó gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lé ni pé kò bá ìwà Onídàájọ́ gbogbo ayé mu láti pa olódodo pọ̀ mọ́ ẹni búburú.

Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti ń gbòòrò. Nígbà tí wòlíì Sámúẹ́lì lọ fi òróró yan ọba nílé Jésè, Ọlọ́run kọ́ ọ pé ọkàn ni òun ń wò, kì í ṣe ìrísí. Sáàmù 139 ka gbogbo ibi tí ènìyàn lè rò pé òun lè sá sí, òkè ọ̀run, isà òkú, òpin òkun, àárín òkùnkùn, kò sì rí ọ̀kan tí Ọlọ́run kò sí níbẹ̀. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Áténì, ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17, pé Ọlọ́run ti yan ọjọ́ ìdájọ́, ó sì ti yan ẹni tí yóò jókòó dá a, ìyẹn Jésù tó jí dìde. Ní Mátíù orí 25, Jésù fúnra rẹ̀ sọ ohun tí wọn yóò bi ènìyàn lọ́jọ́ náà: ẹni tí ebi ń pa, ǹjẹ́ o fún un lóúnjẹ? Àlejò, ǹjẹ́ o gbà á sílé? Ẹlẹ́wọ̀n àti aláìsàn, ǹjẹ́ o bẹ̀ wọ́n wò? Ìfihàn orí 20 wá fi hàn bí wọ́n ṣe ṣí àwọn ìwé sílẹ̀, tí ẹni ńlá àti ẹni kékeré sì dúró níwájú ìtẹ́.

Gbogbo ìjọ ló gba èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣàlàyé rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn Àgùdà àti Áńgílíkà ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ nínú ìsìn wọn, wíwá Kristi láti ṣe ìdájọ́ alààyè àti òkú sì wà nínú rẹ̀. Ìjọ Àgùdà ń kọ́ni pé ìdájọ́ méjì ló wà: ti olúkúlùkù nígbà tó bá kú, àti ti gbogbo ayé lápapọ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àwọn ìjọ ìwà mímọ́, bíi Deeper Life tí W. F. Kumuyi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1973, ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó ronú pìwà dà gbọ́dọ̀ dá ohun tó jí tàbí èyí tó fi èrú gbà padà fún olóhun.

Láàárín àwọn Yorùbá, ẹ̀kọ́ náà kò bá wọn lójijì. Kí Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ni àwọn baba ńlá ti ń pe Olódùmarè ní Arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn àti Ọba Adákẹ́dájọ́. E. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé tó kọ nípa Olódùmarè ní 1962, ka jíjẹ́ onídàájọ́ mọ́ àwọn ìwà tí Yorùbá mọ̀ mọ́ Ọlọ́run. Ohun tí ìwàásù Kristẹni fi kún un ni ọjọ́ ìkẹyìn tí gbogbo ènìyàn yóò péjọ, àti pé Ẹni tó fẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ fún ẹlẹ́ṣẹ̀ ni yóò jókòó lórí ìtẹ́ ìdájọ́.

Bí ìjọ ṣe dé Maiduguri

Ìlú Mùsùlùmí ni Maiduguri láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní 1907 ni Shehu Borno kó ààfin rẹ̀ wá sí Yerwa, níbi tí Maiduguri òde òní ti dàgbà. Ọ̀nà púpọ̀ ni ìgbàgbọ́ Kristẹni gbà wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1923, àwọn míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà méjì, Stover Kulp àti Albert Helser, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Garkida, tó wà ní ìpínlẹ̀ Adamawa báyìí. Níbẹ̀ ni ìjọ tí à ń pè ní EYN ti ṣẹ̀, ìyẹn Ekklesiyar Yan'uwa a Nigeria. Ìjọ COCIN tan dé Maiduguri láti ìhà Plateau. Ìjọ Àgùdà ní àgbègbè tirẹ̀ ní Maiduguri láti 1953, ó sì di díósísì ní 1966. Ojú irin dé ìlú náà ní 1964, wọ́n sì dá Yunifásítì Maiduguri sílẹ̀ ní 1975. Bí òwò, ojú irin àti iṣẹ́ ìjọba ṣe ń fa èrò wá láti gúúsù ni àwọn ìjọ tí Yorùbá àti Ìgbò ń lọ náà ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí èdè Hausa, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti Ìgbò fi wà lára èdè ìwàásù nílùú náà.

Àpapọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló pàdé ìṣòro tó sọ ọ̀rọ̀ ìdájọ́ di ohun tí kò ṣeé fojú fò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 2006, ìbínú lórí àwòrán Ànábì Muhammad tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Denmark di rògbòdìyàn nígboro Maiduguri. Wọ́n sun ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn, wọ́n sì pa àlùfáà Àgùdà kan, Michael Gajere. Ní ìparí oṣù Keje 2009, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Mohammed Yusuf, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Boko Haram, àti àwọn agbófinró. Wọ́n mú Pásítọ̀ George Orjih lọ sí ọgbà Yusuf, wọ́n ní kó sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó kọ̀, wọ́n sì pa á. Ilé ìjọsìn EYN ní Wulari wà lára àwọn tí wọ́n dáná sun. Ìjọ tún un kọ́. Ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 2010, wọ́n kọ lu ìjọ Victory Baptist, wọ́n pa olùṣọ́-àgùntàn ibẹ̀ àti àwọn kan nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kì í sì í ṣe Kristẹni nìkan ni ọ̀ràn náà kàn. Àwọn Mùsùlùmí tí bọ́ǹbù pa ní mọ́sálááṣí àti lọ́jà kò níye. Ní 2021, àjọ UNDP fojú bù ú pé títí di ìparí 2020, nǹkan bí 350,000 ènìyàn ni ogun náà ti gbẹ̀mí wọn ní ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà, àti pé ebi, àrùn àti àìrí ìtọ́jú tó bá ogun náà wá ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìwàásù fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀

Ìbéèrè tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ máa ń bi oníwàásù kò ju méjì lọ: ṣé Ọlọ́run rí i? Bó bá rí i, kí ló dé tó dákẹ́? Bíbélì kò ka ìbéèrè náà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní Ìfihàn orí 6, àwọn tí wọ́n pa nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń ké láti abẹ́ pẹpẹ pé ìgbà wo ni ìdájọ́ yóò dé. Wọ́n fún wọn ní aṣọ funfun, wọ́n sì ní kí wọ́n sinmi fún ìgbà díẹ̀ sí i. Oníwàásù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré kọjá ibi yìí. Ó ń jẹ́ kí ìjọ mọ̀ pé àwọn ẹni mímọ́ pàápàá béèrè, pé wọn kò bá wọn wí, àti pé ìdáhùn tí wọ́n gbà kì í ṣe pé kí wọ́n gbàgbé.

Ìtàn Nábótì, ní 1 Àwọn Ọba orí 21, wúlò púpọ̀ nírú ìjọ bẹ́ẹ̀. Ọba Áhábù fẹ́ ọgbà àjàrà Nábótì. Nábótì ní ogún àwọn baba òun ni, òun kò tà. Jésébẹ́lì kọ lẹ́tà lórúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìlú. Wọ́n kéde ààwẹ̀, wọ́n fi Nábótì sípò ọlá, ẹlẹ́rìí èké méjì jókòó kọjú sí i, wọ́n ní ó bú Ọlọ́run àti ọba, wọ́n sì sọ ọ́ lókùúta pa. Ohun gbogbo tẹ̀lé ìlànà: lẹ́tà wà, èdìdì wà, ẹlẹ́rìí pé méjì, ìgbìmọ̀ jókòó. Kò sí ẹni tó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Áhábù sọ̀ kalẹ̀ lọ gba ọgbà náà, Èlíjà ló bá a níbẹ̀, Ọlọ́run sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ní Borno, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá fi ilẹ̀ baba wọn sílẹ̀, kò sí ẹni tí a ní láti túmọ̀ ìtàn yìí fún.

Láti ibẹ̀ ni ìwàásù ti ń bọ́ sórí ẹ̀san. Pọ́ọ̀lù, ní Róòmù orí 12, gba àwọn onígbàgbọ́ níyànjú pé kí wọ́n má gbẹ̀san fúnra wọn, nítorí ti Ọlọ́run ni. Bí ebi bá ń pa ọ̀tá, kí wọ́n bọ́ ọ. Ìjọ EYN ni ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Ìjọ Brethren tó bí i, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1708, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tí kì í gbé ohun ìjà. Nígbà tí àwọn agbésùmọ̀mí gba olú ilé iṣẹ́ EYN ní Kwarhi ní oṣù Kẹwàá 2014, tí àwọn olórí rẹ̀ sì sá lọ sí Jos, ẹ̀kọ́ náà kò yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n jí gbé ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn ló wá láti ìdílé ìjọ EYN. Ìgbàgbọ́ nínú Onídàájọ́ ló gbé sùúrù ìjọ tí kì í gbẹ̀san dúró lẹ́yìn irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dá a lójú pé ẹjọ́ òun wà níwájú Ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ lè gbé ọ̀kọ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó pe ibi ní rere. Ẹni tí kò bá gbà pé ìdájọ́ kan ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di adájọ́, Yorùbá sì ti ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ìwàásù fún ẹni tó ń gbọ́ ọ

Ewu tó wà nínú ìwàásù fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni pé ó rọrùn fún un láti máa fi Ọlọ́run halẹ̀ mọ́ ọ̀tá nìkan. Wòlíì Nátánì mọ èyí nígbà tó lọ bá ọba Dáfídì nítorí Bátíṣébà tó gbà àti Ùráyà ọkọ rẹ̀ tó ní kí wọ́n pa, ní 2 Sámúẹ́lì orí 12. Ó sọ ìtàn olówó kan tó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Dáfídì bínú, ó ní ikú tọ́ sí olówó náà, Nátánì sì sọ fún un pé òun gan-an ni ọkùnrin náà. Onídàájọ́ tí ìjọ ń ké pè sórí ẹlòmíràn ti mọ ilé àwọn náà.

Ibi tó ti hàn jù ni ọjà. Láwọn ọjà Maiduguri, mudu ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà, ìrẹsì àti jéró. Abọ́ kan ni, ẹlẹgbẹ́ kóńgò ilẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe kóńgò níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe mudu. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi wú wọnú, tàbí kó fi páálí tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó tó bu ọjà sí i. Lójú oníbàárà, mudu kún, ó tún ga lórí bí òkìtì. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan tàbí méjì sì ti ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ìwé Òwe orí 11 sọ pé òṣùwọ̀n èké jẹ́ ìríra lójú Olúwa. Oníwàásù tó bá gbé ìdí mudu sókè fún ìjọ láti rí ti sọ ohun tí ojú Ọlọ́run ń wò: kì í ṣe òkìtì tó wà lórí, ìdí tó wọnú ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ta oúnjẹ tí wọ́n kó wá fún àwọn tí ogun lé nílé, àti ọ̀gá tó kọ orúkọ òkú mọ́ àwọn tó ń gba owó oṣù. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ìrònúpìwàdà irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò parí sórí omijé. Sákéù, ní Lúùkù orí 19, pinnu láti san ìlọ́po mẹ́rin padà fún ẹni tó bá ti rẹ́ jẹ.

Ibi tí ìwàásù máa ń ṣìnà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí oníwàásù máa ka ìjàǹbá sí ìdájọ́ lórí ẹni tó bá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2024, ìdídò Alau ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú Maiduguri. Ó wọ ààfin Shehu, ó wọ ilé ìwòsàn yunifásítì, ó pa ẹranko ní ọgbà Sanda Kyarimi, ó wó ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó wọ mọ́sálááṣí, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run ló fi fìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ kan yóò kọ́kọ́ sọ bí omi náà ṣe mọ ilé ẹlẹ́ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ti olódodo. Jésù ti dáhùn èyí ní Lúùkù orí 13. Wọ́n sọ fún un nípa àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa, òun náà sì mẹ́nu kan àwọn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa. Ó ní wọn kò dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kí àwọn tó ń gbọ́ ọ ronú pìwà dà. Ìwé Jóòbù náà dá àwọn ọ̀rẹ́ tó fi ìyà Jóòbù ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́bi. Ìdájọ́ Ọlọ́run dájú, ṣùgbọ́n kò gbé e lé oníwàásù lọ́wọ́ láti máa pín in kiri.

Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n fi ìdájọ́ ọ̀run dí ẹnu ẹni tó ń béèrè ìdájọ́ ayé. Ọlọ́run tó ní ẹ̀san jẹ́ ti òun ló pàṣẹ ní Diutarónómì orí 16 pé kí wọ́n yan adájọ́ sí gbogbo ẹnu ibodè, kí wọ́n má sì gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Wòlíì Ámósì kọ orin àti ẹbọ àwọn tó ń tẹ tálákà mọ́lẹ̀ nílé ẹjọ́. Ìdájọ́ ayé ní Borno sì ní àìpé tó hàn gbangba. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn Boko Haram kàn bẹ̀rẹ̀ ní Kainji ní oṣù Kẹwàá 2017, ọ̀pọ̀ ni ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀ nítorí àìsí ẹ̀rí, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ọdún gbọọrọ látìmọ́lé. Lẹ́yìn tí àwọn agbésùmọ̀mí kọ lu bárékè Giwa ní Maiduguri ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2014, tí wọ́n sì tú àwọn tó wà látìmọ́lé sílẹ̀, àjọ Amnesty International sọ pé àwọn ọmọ ogun pa èyí tó ju 600 lọ nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2020, agbẹjọ́rò àgbà ilé ẹjọ́ àgbáyé ICC, Fatou Bensouda, kéde pé ìdí tó tó wà láti ṣèwádìí Boko Haram àti àwọn agbófinró pẹ̀lú. Ẹ̀rí ló ń wọ́n ilé ẹjọ́ ọmọ ènìyàn. Onídàájọ́ tí ìjọ ń wàásù rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ọ̀ràn tó ń dá, kò sì sí aṣọ ogun tàbí àsíá ẹ̀sìn tó lè bo ẹnikẹ́ni lójú rẹ̀.

Ìdájọ́ àti àánú

Láti 2021, lẹ́yìn ikú Abubakar Shekau, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Boko Haram àti ìdílé wọn ló ti juwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn wá sí Maiduguri. Opó lè máa pàdé lójú pópó àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ tó pa ọkọ rẹ̀. Ibi yìí ni ìwàásù ti ń sọ pé àgbélébùú kò pa ìdájọ́ tì. Gẹ́gẹ́ bí Róòmù orí 3 ti ṣàlàyé rẹ̀, Ọlọ́run kò fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó gbé e lé Kristi, kó lè jẹ́ olódodo, kó sì lè dá ẹni tó gbàgbọ́ láre. Nítorí náà ìdáríjì kì í ṣe kíkọ̀ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ronú pìwà dà gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ síta.

Àwọn Mùsùlùmí Maiduguri, tí wọ́n pọ̀ jù nílùú náà, gbà pé Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ ń bọ̀, tí olúkúlùkù yóò jíhìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjèèjì kò jọra lórí ẹni tí Jésù jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu kò pé kò sí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ tó ń gbẹ láìsí ẹni tó rí i. Ìdí tó lágbára nìyẹn fún àwọn àlùfáà àti àwọn ímáàmù láti jọ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ ìwàásù tó dára lórí ẹ̀kọ́ yìí kò ṣòro. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá gbọ́ ọ, ó yẹ kó dá a lójú pé ẹjọ́ òun kò sọnù, kó sì gbé ọwọ́ ẹ̀san sílẹ̀. Bí ẹni tó ṣẹ̀ bá gbọ́ ọ, ó yẹ kó mọ̀ pé kò sí ibi ìsápamọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìpadàbọ̀ ṣì ṣí. Bí aláṣẹ bá gbọ́ ọ, ó yẹ kó rántí pé òun náà yóò jẹ́jọ́ lórí bí òun ṣe dájọ́. Kò sí ẹni tó wà nílé ìjọsìn náà tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, títí kan oníwàásù tó ń sọ ọ́.